Orin Sààrì Tó Di Rọ́ọ̀kì

Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí pé mo lọ́wọ́ nínú àwo orin rọ́ọ̀kì kan tí àwọn òyìnbó jó sí nílùú wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wo ewú orí mi, wọ́n á tún wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín. N kì í bá wọn jiyàn. Àwo náà ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tipẹ́, orúkọ mi kò sì sí lára rẹ̀ kó tó fọ́. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn rí sọ nípa rẹ̀, àti ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá tún fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyẹn, kó máa rín in lọ.

Ìlú Mánṣẹ́sítà ni mo dé sí, ní ọdún bíi mélòó kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Mo sọ fún Bàbá mi ní Ìwó pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń lọ kọ́. Òótọ́ ni nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí mo kọ̀wé sí ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ikùn mi kò sì lè dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ni mo bá gba iṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé, mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ènìyàn lè jí, kó jáde, kó ṣiṣẹ́, kó tún padà sílé, kí ẹnikẹ́ni má kí i. Ní Ìwó, kí n tó ti ilé wa dé ọjà, mo ti dọ̀bálẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà, àyà bùbá mi á ti pọ́n fún erùpẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Mánṣẹ́sítà, mo pàdé bàbá arúgbó kan lójú pópó, mo tẹríba, mo kí i. Ó sáré wo ilẹ̀, ó rò pé nǹkan òun ló jábọ́ tí mo fẹ́ bá òun mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi kíkí mọ sínú.

Ní ilé ìfọṣọ náà, ọ̀gá tó ń kọ orúkọ wa sínú ìwé gbìyànjú orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó nu ẹnu rẹ̀, ó ní, "A ó máa pè ọ́ ní Jímì." Mo ní kò burú. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn tó. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́ nínú yàrá tí mo yá, mo máa ń gbìyànjú láti rántí ẹni tó pe orúkọ mi gangan lọ́jọ́ yẹn, n kì í rí ẹnì kan. Kò sí tẹlifóònù tí mo lè fi bá ará ilé sọ̀rọ̀. Lẹ́tà nìkan ló wà, lẹ́tà kì í sì í pe ènìyàn kí ènìyàn jẹ́.

Kí n tó sọ bí orin ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Olówùú.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwa ọmọkùnrin àdúgbò wa la máa ń ṣe wéré lóṣù ààwẹ̀. Agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọmọrí ìkòkò, ohunkóhun tó bá sáà ti lè dún ni a ó gbé, a ó sì máa lọ láti agboolé dé agboolé kí ojúmọ́ tó mọ́, kí àwọn ènìyàn lè dìde jẹ sààrì. Ilé tí a bá dé, a ó pe onílé lórúkọ, a ó fi orin yẹ́ ẹ sí, a ó kọjá sí èkejì. Èmi ni mo máa ń lé orin. Bàbá mi, tó jẹ́ àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, kò fẹ́ràn ariwo wa, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé ẹni tó bá jí ènìyàn fún ìjọsìn ní láádá.

Ìyá Olówùú ń dá gbé yàrá kan ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ó ń ran òwú tà fún àwọn ahunṣọ. Lọ́dún kan, ó bú wa gan-an nítorí pé a ṣeré dé ibi tó sá òwú sí, a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú bí mi. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, mo sọ fún ẹgbẹ́ mi pé kí a máa fo ilé rẹ̀. A fò ó lọ́jọ́ kìn-ín-ní, a fò ó lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta tí a fò ó, Ìyá Olówùú dákú lọ́jà, wọ́n ń da omi sí i lórí. Wọ́n bi í, ó ní òun kò jẹ sààrì láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá mi kó tó di ìrọ̀lẹ́.

"Ta ló ní kí ẹ fo ilé rẹ̀?" Bàbá bi mí bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ilé rẹ̀ ni ẹ óò máa kọ́kọ́ dé títí ààwẹ̀ á fi parí. Lọ bẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí. Tí o bá ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run á máa forí jì ọ́. Tí o bá ṣẹ ọmọnìkejì rẹ, àfi kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yọ̀ǹda."

Mo lọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò dáwọ́ òwú rẹ̀ dúró.

"Kí lẹ máa ń pè mí tẹ́ ẹ bá ń jí mi?"

"Ìyá Olówùú ni, Ìyá."

"Òwú lẹ ń jí nígbà yẹn nìyẹn. Rábíátù ni bàbá mi sọ mí. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti pè mí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kí ọjọ́ náà tó tán, mo ti ṣe orin kan fún un. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo fà á gùn, Rábíátù, bí ẹni pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Nínú orin, ọmọdé lè pe àgbà lórúkọ; níta orin, ìyà ni yóò jẹ. Lẹ́yìn tí mo bá pè é, mo ní kí agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohun gbogbo dákẹ́ pátápátá. A ó dúró bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dáhùn láti inú ilé pé, "Mo ti jí." Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yóò tó bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí ó máa ń jẹ́ kí a dúró pẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti jí, ó kàn ń gbádùn ara rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ ọdún, ó pè mí, ó fún mi ní kókó òwú kan. Mo gbé e lọ fi han Bàbá mi, mo ní ó ti forí jì mí.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó fún mi ní òwú, Bàbá."

"Òwú kì í sọ̀rọ̀," Bàbá mi ní, ó sì padà sídìí wàláà àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣàṣejù. Mo dàgbà, mo kúrò nílé, ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀.

Ní ilé ìfọṣọ ní Mánṣẹ́sítà, ènìyàn méjì ló máa ń ká aṣọ ibùsùn, ẹnì kan ní orí, ẹnì kan ní ẹsẹ̀. Ọmọ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Rọ́nì ni wọ́n fi mí pọ̀ mọ́. Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ kún fún òróró, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan tí mo rò pé ariwo ẹ̀rọ ti bo ohùn mi, mo ń kọ orin Ìyá Olówùú bí mo ṣe ń ká aṣọ. Mo pe orúkọ, mo dákẹ́, mo dúró, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Rọ́nì ní, "Kí ló dé tó o dákẹ́ níbẹ̀?"

"Mo ń dúró dè é."

"De ta?"

"De obìnrin tí mo pè."

Rọ́nì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé gìtá wá síbi iṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ kékeré kan: òun ni gìtá, ẹnì kan ń fi irin tó kì bọ ìka họ pákó ìfọṣọ, ẹnì kan ń fa okùn tí wọ́n kàn mọ́ àpótí tíì. Nínú yàrá tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí ni wọ́n ti máa ń ṣeré lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Mo kó ẹ̀wà gbígbẹ sínú agolo kan, mo ń mì ín. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbàgbé pé àlejò ni mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Rọ́nì ní, "Jímì, orúkọ yìí ò lè yọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Jẹ́ ká fi Dóríìnì sí i."

Dóríìnì ni ọmọbìnrin tó ń fẹ́, ó wà ní ẹ̀ka àwọn tó ń lọ aṣọ. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ orin náà padà: ọmọkùnrin kan dúró sábẹ́ fèrèsé, ó ń bẹ ọmọbìnrin kan kó jáde wá jó. N kò sọ fún Rọ́nì pé ẹ̀bẹ̀ ni orin náà, n kò sọ ẹni tí mo bẹ̀ tàbí ohun tí mo ṣe fún un. Mo ní orin tí a fi ń jí ènìyàn ni. Ẹni tó ti gbà kí wọ́n sọ ọ́ ní Jímì, kí ló kù tí kò ní gbà? Mo ní kò burú.

Ọkùnrin kan tó ń ta àwo orin gbọ́ wa ní gbọ̀ngàn ijó kan, ó sì mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀ ń fẹ́ kí a yọ ìdákẹ́ náà kúrò. Ó ní àwo kì í dákẹ́. Rọ́nì kọ̀ jálẹ̀, mo sì gbóríyìn fún un nínú mi. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwo náà jáde. "Dóríìnì" ni wọ́n kọ sí i, lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ Rọ́nì àti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn ń dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́, wọ́n ní ó ń kú lágbedeméjì. Ẹni tó ń ta á ní láti kọ ìwé lẹ̀ mọ́ gíláàsì pé bẹ́ẹ̀ ni orin náà ṣe rí. Àwọn tó ń kọ nípa orin nínú ìwé ìròyìn náà dá sí i. Ọ̀kan ní àwọn ọmọ náà gbàgbé orin wọn lójú ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tó ní ìtìjú tó láti tún un ṣe. Òmíràn yìn ín gan-an, ó ní ìdákẹ́ náà ló dára jù nínú gbogbo rọ́ọ̀kì tí òun gbọ́ lọ́dún yẹn, ó sì ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ ọ. N kò mọ̀ pé Ìwó wà ní Amẹ́ríkà. Pásítọ̀ kan kọ̀wé pé ariwo inú ẹ̀ burú, ṣùgbọ́n pé ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo nígbà tó bá dákẹ́ burú jù ú lọ. Ìyá onílé mi ní ó rán òun létí ọkọ òun, tí òun á pè, tí kò ní dáhùn. Ọkùnrin ará Èkó kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, tí a jọ máa ń kírun Jímọ̀, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀yin lẹ wà nídìí orin yìí?"

"Díẹ̀ nínú ẹ̀."

"Ẹ wọ ọkọ̀ òkun wá síbí, wéré lẹ wá ń ṣe!" Ó mi orí, kò sì bá mi jókòó mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní gbọ̀ngàn ijó, bí orin bá ti dákẹ́, àwọn ọmọ òyìnbó á lanu, wọ́n á ké bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì ń fi imú kọ orin náà. Ó ṣe mí bíi kí n dì mọ́ ọn. Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín fún ara mi títí mo fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀.

Nínú ìdùnnú yẹn ni mo fi àwo kan ránṣẹ́ sí Bàbá mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìkírátù, jẹ́ télọ̀, ó sì ní giramafóònù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìwó. Mo kọ̀wé pé kí Bàbá lọ gbọ́ ọ níbẹ̀, kí ó gbọ́ bí orin sààrì wa ṣe dé ìlú òyìnbó. Mo rò pé yóò sọ fún gbogbo àwọn àfáà ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́tà Lárúbáwá ni Bàbá mi máa ń fi kọ Yorùbá. Èsì rẹ̀ kò tó ojú ewé kan.

"Wọ́n gbé àwo náà sí i fún mi. Mo dá orin náà mọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni orin yẹn. Ẹni tí o bẹ̀ kò tíì dá ọ lóhùn, o ti kó ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn, ẹ fi ń jó. Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí Rábíátù yóò fi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun forí jì ọ́. Ara wa le. Ìyá rẹ ń kí ọ."

Mo kà á tó ìgbà mẹ́wàá. Bàbá mi kì í bínú tán kó gbàgbé bí àwọn ẹlòmíràn. Ohun tó bá sọ, ó sọ ọ́ nìyẹn. Ó sì ti darúgbó. Ìyá Olówùú dàgbà jù ú lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ọ̀rọ̀ náà kò ní ní àtúnṣe mọ́, èmi yóò sì wà nílẹ̀ àjèjì tí bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi wọ inú ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ Sìkírátù pé kó bá mi lọ rí ìyá náà, kó bá mi bẹ̀ ẹ́, kó sì kọ gbogbo ohun tó bá sọ sí mi bó ṣe sọ ọ́.

Lẹ́tà rẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn Sìkírátù ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀.

"Àbúrò mi, mo mú Ìyá Olówùú wá sí ṣọ́ọ̀bù. A gbé orin sí i. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti dákẹ́, gbogbo wa ń wo ẹnu wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní, 'Ta ni wọ́n ń pè?' Ọkọ mi ní, 'Dóríìnì ni, Ìyá. Ọmọ òyìnbó kan ni.' Wọ́n ní, 'Ẹ ṣé.' Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n lọ. Mo lọ bá wọn nílé, mo kúnlẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Wọ́n ní, 'Ṣé ẹ rò pé torí pé mi ò jí ni mi ò ṣe jẹun nígbà yẹn? Ẹ̀kọ wà nínú ilé. Mo ti jí kí àwọn ọmọ náà tó dé. Mo gbọ́ tí wọ́n pe ilé tó wà lápá ọ̀tún mi, wọ́n fo tèmi, mo tún ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ti iwájú. Ni mo bá ní mi ò jẹ. Àbúrò rẹ fò mí nígbà yẹn, mo ní ọmọdé ni. Ó ti dàgbà báyìí, ó tún fò mí.' Mo dìde, mo wá sílé."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé ebi ni mo fi pa á.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá Rọ́nì nídìí aṣọ. Wọ́n ti pe ẹgbẹ́ rẹ̀ láti wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá kan létí òkun, ó sì ń yọ̀ bí ọmọdé. Mo ní mo fẹ́ kí a pe orúkọ obìnrin tó ni orin níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Kò ṣe é ṣe, Jímì. Dóríìnì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Dóríìnì fúnra rẹ̀ á jókòó níwájú."

"Tí a ò bá ní pè é, mi ò lọ."

"Fún orúkọ lásán?"

"Orúkọ lásán kọ́."

"Kí ló tiẹ̀ burú nínú ẹ̀?"

"Ó burú," mo ní. Ó wò mí bí ẹni pé aṣọ ibùsùn ló fọhùn. Wọ́n lọ láìsí èmi, wọ́n rí ẹlòmíràn tí yóò máa mi agolo. Mo wà nínú yàrá mi lọ́jọ́ náà, mo ń fọ ìbọ̀sẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọmọ ìyá onílé tó ń kọ "Dóríìnì" lórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí Rọ́nì dé, ó fi ọjọ́ mẹ́ta ká aṣọ láìsọ̀rọ̀, èyí tí kò jọ ọ́ rárá. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Ta ni obìnrin yẹn?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òwú tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ dé orí lẹ́tà Sìkírátù. N kò fi ẹ̀bi tèmi pamọ́. Rọ́nì dáwọ́ dúró, aṣọ funfun náà nà láàárín wa.

"Ṣó ṣì wà láàyè?"

"Ó ṣì wà."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀?"

Mo ní nílé wa, ẹni tó dé ìlú onílùú kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún onílé.

Nígbà náà, àpótí kan wà ní ibùdó rélùwéè tí ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì kọ ohùn rẹ̀ sára àwo kékeré kan tí ó lè fi ránṣẹ́ nínú àpòòwé. Rọ́nì ló rántí rẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, èmi, òun àti Dóríìnì lọ síbẹ̀. Gìtá kò gba inú àpótí náà, nítorí náà ìdajì Rọ́nì wà lóde, Dóríìnì sì di ilẹ̀kùn mú kó má baà fún un pa. Àwọn ènìyàn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin yí wa ká, wọ́n ń wò wá. Dóríìnì ní kí n kọ́ òun ní orúkọ náà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gún régé ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Àwo náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo kí Ìyá. Mo ní, "Ìyá, èmi ọmọ àfáà ni. Mo fò yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́." Mo pe Rábíátù bí mo ṣe máa ń pè é, mo fà á dé ibi tí ohùn mi lè gbé e dé. Rọ́nì fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn gìtá. A dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń lọ, mo mọ̀ pé ìdákẹ́ ń jẹ àwo náà tán, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó gùn tó bí ìyá náà ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí Rọ́nì máa fi tún fọwọ́ kan gìtá, iná ẹ̀rọ ti kú.

Mo fi àwo náà ránṣẹ́ sí Sìkírátù. Lẹ́yìn náà kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n máa ká aṣọ. Mo ń ka ọ̀sẹ̀. Bí ìyá onílé bá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, mo máa ń bẹ̀rù lẹ́tà tí yóò sọ pé ọ̀kan nínú wọn ti lọ. Rọ́nì kì í bi mí léèrè, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló máa ń wo ojú mi.

Ìwé tó dé kì í ṣe ti Sìkírátù. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́.

"As-sàlámù aléékùn. Àwo kékeré náà dé. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ fún un, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ru ẹ̀rọ. Ó ní kí a gbé e sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun yọ̀ǹda. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, mo gbọ́ ọ létí mi méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè dáhùn, mo ní n ó bi ọ́. Ó ní, ní ìlú tí ọmọ yìí wà, bí ààwẹ̀ bá dé, ta ní ń jí i? Kọ èsì rẹ̀ sí mi kíákíá, mo fẹ́ lọ sọ fún un."

Mo jókòó, mo mú bébà. Mo kí Bàbá mi, mo kí ìyá mi, mo kí ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ ti iṣẹ́ àti ti ojú ọjọ́. Nígbà tí mo dé orí ìbéèrè Ìyá Rábíátù, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, nítorí n kò tíì jẹ́ kí ara mi rò ó rí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá, kò sí ẹnì kankan.